Iṣẹ́ ń tẹ̀ lé mi wọ ibùsùn: kí lẹ ṣe tí tiyín fi rọlẹ̀?

Oníṣirò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi fún bí oṣù mẹ́rin, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní sọ pé kí n máa dúpẹ́ pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà níbi iṣẹ́ wa, ọdún kẹfà mi rèé. Àwa mẹ́ta là ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Méjì lọ, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn, iṣẹ́ ẹni mẹ́ta wá di tèmi nìkan. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ yẹn ti ń lọ sí ọdún kan.

Iṣẹ́ pọ̀, ìyẹn yé mi. Ohun tó ń ṣe lára mi ni kò yé mi. Aago mẹ́ta òru báyìí ni ojú mi máa ń là, tí màá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye owó tí kò bára mu lórí òfìfo. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, inú á máa lọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Ọ̀gá mi máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù láago mẹ́wàá alẹ́. Bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já, kódà bó bá jẹ́ àbúrò mi ló ń pè. Mo ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ mi lórí ohun tí kò tó nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wa mọ́tò dé iwájú ọ́fíìsì, mo pa á, mo sì jókòó sínú ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ wọlé.

Mi ò fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà nígbà tó ṣì jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣe rí, kí lẹ ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n mú ọkàn le. Mo ti mú un le débi tó le dé.

NọọsìAlẹ́

Oníṣirò, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ò ya ọ̀lẹ, orí yín ò sì dàrú. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún kọkànlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nìyí. Mo ti rí ohun tẹ́ ẹ sọ yìí lára aláìsàn, mo ti rí i lára àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, mo sì ti rí i lára ara mi.

Bí ewu bá yọ sí èèyàn, ara á da àwọn omi ìsúnniṣe tí wọ́n ń pè ní adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kìkì, iṣan á le, oúnjẹ tó wà nínú ò ní dà bó ṣe yẹ, kí èèyàn lè jà tàbí kó sá. Tí ewu bá kọjá, ara á rọlẹ̀. Ara ò mọ̀ bóyá kìnnìún ló ń bọ̀ tàbí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi ránṣẹ́, bákan náà ló ń ṣe sí méjèèjì. Kìnnìún á lọ ṣá. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá kì í lọ. Ara yín ò ráyè rọlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, òun ló fi ń jí yín ní aago mẹ́ta.

Èmi a máa bi àwọn tó bá fọ̀rọ̀ lọ̀ mí ní nǹkan mẹ́ta. Bẹ́ ẹ bá sinmi ọjọ́ méjì, ṣé agbára ń padà bọ̀, àbí ó rẹ̀ yín síbẹ̀? Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra iṣẹ́ yẹn àtàwọn tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é fún? Ṣé ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ti ń dà bí ohun tí ọwọ́ yín ò ká mọ́? Àwọn mẹ́ta yìí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tò sílẹ̀ lọ́dún 2019 nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní burnout. Wọ́n tún sọ pé másùnmáwo ibi iṣẹ́ tí wọn ò bójú tó ló ń fà á. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn ò kà á mọ́ àìsàn. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni wọ́n pè é.

Ti oorun, ẹ má dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ máa bá òrùlé sọ̀rọ̀. Bó bá ti tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò padà wá, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù, kẹ́ ẹ padà sórí ibùsùn nígbà tí ojú bá ń wúwo. Ẹ gbé ìwé àti kálàmù sítòsí. Kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ohun tó kù nílẹ̀ fún ọ̀la sínú ẹ̀. Ohun tó bá ti wà lórí ìwé, ọpọlọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ọ mọ́. Fóònù ní tiẹ̀ ò gbọdọ̀ bá yín sùn nínú yàrá. Ẹ ra aago ìtanijí lásán bó bá jẹ́ torí àtijí ni.

Jagunlabí

Ẹ má bínú sí mi o, àwọn àgbà ní iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani. Bàbá tó bí mi ṣe iṣẹ́ tó ju gbogbo èyí lọ, kò dárúkọ ọpọlọ rí. Ẹ gbàdúrà, ẹ sùn, ẹ jí, ẹ lọ síbi iṣẹ́. Ìran tiwa yìí ti rọ̀ jù.

Òǹkàwé

Ẹ̀gbọ́n Jagunlabí, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ ń pani, wọ́n sì ti kà á. WHO àti Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ILO, jọ gbé ìṣirò kan jáde lọ́dún 2021. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tiẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu pé kí àrùn ọkàn pa á náà fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Wọ́n ṣírò pé lọ́dún 2016 nìkan, nǹkan bí 745,000 èèyàn ni irú iṣẹ́ àṣejù bẹ́ẹ̀ dá ẹ̀mí wọn légbodò. Àwọn ará Japan tiẹ̀ ní orúkọ fún un, karoshi, ìyẹn kéèyàn ṣiṣẹ́ títí kó fi kú. Wọ́n ṣòfin lórí ẹ̀ lọ́dún 2014, àti pé láti oṣù Kejìlá ọdún 2015, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yẹ másùnmáwo wọn wò lọ́dọọdún.

Ti bàbá yín wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló ń sọ ìgbà tí wọ́n máa sinmi? Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Robert Karasek kọ ọ́ lọ́dún 1979 pé iṣẹ́ tó ń ba ọkàn jẹ́ jù ni èyí tó pọ̀, tí ẹni tó ń ṣe é ò sì láṣẹ kankan lórí bó ṣe máa ṣe é. Iṣẹ́ nìkan kọ́ o. Iṣẹ́ tó pọ̀ tí àṣẹ ò sí níbẹ̀ ni. Ti Oníṣirò yìí, iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, àṣẹ òdo.

Jagunlabí

Hmm. Awakọ̀ ni bàbá mi, mọ́tò ara ẹ̀ ló ń wa. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á páàkì. Mo gbọ́.

Àdúrà ò burú ṣá.

NọọsìAlẹ́

Àdúrà dáa, sà. Ẹni tó ń gbàdúrà náà máa ń lo oògùn.

Ọ̀gáÀná

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ láti òdìkejì tábìlì. Mo ṣe ọ̀gá lórí èèyàn mẹ́rìnlá fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí Oníṣirò ń fojú rí yìí, èmi náà ti fi ojú ẹlòmíràn rí i. Ìtìjú ló jẹ́ fún mi láti sọ ọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kó wúlò fún yín.

Bí òṣìṣẹ́ bá wá bá ọ̀gá, tó ní “ó rẹ̀ mí, sà,” ohun tí ọ̀gá máa ń gbọ́ ni pé ẹni yìí ń fẹ́ ìsinmi. Á ní kó gba ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì á pé, iṣẹ́ tó kó jọ sílẹ̀ á tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ní “iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù,” ọ̀gá á ní ti tèmi náà pọ̀. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò mọ ohun tí èèyàn kan ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Mo máa ń rí iṣẹ́ tó parí, mi ò rí wákàtí tó lọ sí i.

Torí náà, ẹ mú ìwé kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe, aago tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ àti aago tẹ́ ẹ parí, ẹni tó ní kẹ́ ẹ ṣe é, àti iye ìgbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ẹ má fi èébú kún un, ẹ má fi ẹkún kún un. Ẹ̀yin ni oníṣirò, ẹ ṣe é bí ẹni ń ṣe ìṣirò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè àkókò lọ́wọ́ ọ̀gá yín, ẹ má dúró dè é lójú ọ̀nà àbájáde. Ẹ gbé ìwé náà síwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í ní ìbéèrè tí kò ṣeé fi “mú ọkàn le” dáhùn. Bí àpẹẹrẹ:

“Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbà kí n rí yín, sà. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ń gba wákàtí tó wà nínú ìwé yìí lọ́sẹ̀. Wákàtí tí àdéhùn iṣẹ́ mi sọ kò tó o. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ máa lọ geerege, àmọ́ kò ṣeé ṣe fún ẹnì kan. Nínú àwọn mẹ́jọ tí mo tò yìí, èwo lẹ fẹ́ kí n kọ́kọ́ máa ṣe, èwo ló lè dúró, èwo la sì lè gbé fún ẹlòmíràn?”

Ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó yàn. Bí kò bá yàn, bó bá ní gbogbo ẹ̀ ló ṣe pàtàkì, ẹ ní, “Ó dáa, sà, màá ṣe é bí mo ṣe tò ó yìí, ìsọ̀rí kẹfà sísàlẹ̀ á máa pẹ́.” Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ kọ íméèlì ṣókí sí i láti fi rán an létí ohun tẹ́ ẹ jọ sọ. Íméèlì yẹn ni ẹ̀rí yín.

Ti fóònù alẹ́: èmi náà jẹ̀bi ẹ̀. Alẹ́ ni ọpọlọ tèmi máa ń já geere, bí nǹkan bá ti sọ sí mi lọ́kàn ni mo ń fi ránṣẹ́, mi ò retí pé kí ẹnikẹ́ni dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó kéré jù nínú wọn sọ fún mi pé, “Ọ̀gá, bí fóònù mi bá ti dún lálẹ́, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n.” Mo rò pé ó ń ṣàsọdùn. Mo bi àwọn tó kù. Gbogbo wọn ló wolẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ mi lálẹ́, tí mo sì ń ṣètò rẹ̀ kó lọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Íméèlì ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá yín náà má mọ̀. Ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Oníṣirò

Ọ̀gáÀná, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ra ìwé náà. Àmọ́ bó bá wá ní ṣé mi ò mọ̀ pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ pọ̀ níta ńkọ́? Ó ti sọ ọ́ fún ẹnì kan rí.

Akọ̀wéẸgbẹ́

Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kẹ́ ẹ má dá nìkan lọ. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dé orí. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà níbi iṣẹ́ yín, ẹ lọ bá aṣojú wọn kẹ́ ẹ tó lọ bá ọ̀gá. Bí kò bá sí, ẹ wo ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí irú ẹ̀ ń ṣe ní ẹ̀ka mìíràn, kẹ́ ẹ jọ lọ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó rọrùn láti lé ẹnì kan tó ń kùn. Láti lé mẹ́rin tí wọ́n mú ìwé àti wákàtí dání, ó gba àròjinlẹ̀.

Ẹ ka àdéhùn iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì wádìí òfin ibi tẹ́ ẹ wà. Òfin ń yí padà kárí ayé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Faransé, láti January 2017 ni òfin ti ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá wọn jíròrò lórí ẹ̀tọ́ láti pa ẹ̀rọ iṣẹ́ tì lẹ́yìn iṣẹ́. Portugal ṣe tiwọn lọ́dún 2021, wọ́n gbé e ka orí agbanisíṣẹ́ pé òun ni kó má ṣe yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu lákòókò ìsinmi. Ọsirélíà tẹ̀ lé e lọ́dún 2024. Ó ṣeé ṣe kí irú ẹ̀ má tíì sí lọ́dọ̀ yín, àmọ́ ẹ ò lè mọ̀ bẹ́ ẹ ò bá kà á.

Bó bá sì jẹ́ pé èébú, ìhàlẹ̀ tàbí ìfọwọ́kàn tí ò tọ́ ni ọ̀gá ń ṣe, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó pọ̀. Àdéhùn 190 ti ILO, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2019 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹfà ọdún 2021, ka ìwà ipá àti ìyọnilẹ́nu níbi iṣẹ́ sí ohun tó gbọ́dọ̀ dópin. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ gẹ́lẹ́, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Ibi tí ìwé náà ń gbé ò gbọdọ̀ jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ o! Mo ti rí ẹni tó kó gbogbo ẹ̀rí ẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ ilé, wọ́n kọ́kọ́ gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹ̀.

OlóhùnJẹ́jẹ́

Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Mò ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Iṣẹ́ mi ò pọ̀, èébú ló pọ̀. Èèyàn á máa bú mi, èmi á máa ní “ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè wá.” Onímọ̀ kan, Arlie Hochschild, kọ̀wé lórí ẹ̀ lọ́dún 1983, ó ní iṣẹ́ gidi ni kéèyàn máa fi ẹ̀rín bo ìbínú nítorí owó oṣù, ó sì ń jẹ agbára bí iṣẹ́ mìíràn. Ìgbà tí mo kà á ni mo tó mọ ìdí tó fi jẹ́ pé mi ò lè dá ọkọ mi lóhùn dáadáa bí mo bá délé. Ohùn ti tán.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́: a bá alábòójútó wa sọ ọ́, ó gbà pé bí ìpè kan bá burú, èèyàn lè yọ ẹ̀rọ etí kúrò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, láì tọrọ àyè. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. A tún ní àmì láàárín ara wa: ẹni tó bá gbé ìwé pupa sórí tábìlì ẹ̀, ẹni tó wà nítòsí á lọ bá a dúró. Kò ní bi í ní nǹkan kan. Á kàn dúró tì í.

IléNiỌ́fíìsì

Ẹ̀yin tó ń ti ilé ṣiṣẹ́, tiwa tún wá pabanbarì, torí ọ̀nà tó yẹ ká rìn padà sílé ò sí. Tábìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láago mẹ́fà náà ni mo ti ń jẹun láago méje. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń rò pé mo ti ń di aláìmoore sí ìdílé mi, àṣé mi ò tíì kúrò níbi iṣẹ́ ni.

Nísinsìnyí, bí mo bá parí, mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà sínú dúrọ́ọ̀, mo máa ń pààrọ̀ aṣọ, mo sì máa ń jáde rìn yí ká fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó tún “wọlé.” Àwọn ọmọ máa ń kí mi káàbọ̀. Wọ́n mọ̀ pé eré ni. Èmi náà mọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀.

Mo yọ íméèlì iṣẹ́ kúrò lórí fóònù mi pátápátá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ mi máa ń wá a fúnra ẹ̀, bí ẹni tó ń wá ehín tó ti yọ.

AláìgbàgbọnÌdánilẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tèmi rí i pé ara àwọn òṣìṣẹ́ ò dá, ni wọ́n bá pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí béèyàn ṣe ń mí kí ọkàn lè balẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi í sí, ọjọ́ ìsinmi wa. Dandan ni kéèyàn wá, wọ́n sì ń kọ orúkọ. Gbogbo wa jókòó, à ń mí sínú, à ń mí síta, fóònù ń dún lápò wa.

Mímí dáadáa ò burú o, mo ṣì ń ṣe é bí mo bá fẹ́ wọ ìpàdé tó le. Àmọ́ bí òrùlé bá ń jò, ẹ má kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Christina Maslach, tó ti ń ṣèwádìí lórí burnout láti nǹkan bí ọdún 1976, òun àti ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ Michael Leiter dárúkọ nǹkan mẹ́fà tó ń fà á: iṣẹ́ tó pọ̀ jù, àìláṣẹ lórí iṣẹ́ ẹni, àìrí èrè tàbí ìmọrírì, àjọṣe tó bàjẹ́, ojúsàájú, àti iṣẹ́ tó lòdì sí ohun tí èèyàn gbà gbọ́. Ẹ wò ó, ìkankan nínú ẹ̀ ò sí nínú imú òṣìṣẹ́. Ọ́fíìsì ọ̀gá ni gbogbo ẹ̀ wà. WHO fúnra wọn, nígbà tí wọ́n gbé ìlànà jáde lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n fi títún ètò iṣẹ́ ṣe kún un, àti kíkọ́ àwọn ọ̀gá.

Ọ̀gáÀná

Òótọ́ lẹ sọ. Bí ọ̀gá yín bá jẹ́ ẹni tó jẹ́ pé owó nìkan ló ń gbọ́ èdè ẹ̀, ẹ sọ fún un pé ìwé WHO àti ILO lọ́dún 2022 sọ pé ìsoríkọ́ àti àníyàn ń gba nǹkan bí bílíọ̀nù 12 ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dọọdún kárí ayé, àdánù tó sì ń mú wá tó tírílíọ̀nù kan owó dọ́là. Mo mọ ọ̀gá kan tí kò gbọ́ ohunkóhun àfi èyí.

TíṣàÀárọ̀

Oníṣirò, mo ka gbogbo ẹ̀, ìmọ̀ràn tó dáa ni wọ́n ń fún yín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ inú mọ́tò yẹn ni mi ò lè gbé fò.

Èmi jókòó sínú mọ́tò bẹ́ẹ̀ náà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń jókòó síbẹ̀. Mo ń sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀, bí ìdánwò àwọn ọmọ bá parí, ara á balẹ̀. Ìdánwò parí, ara ò balẹ̀. Ìsinmi gígùn dé, mi ò lè dìde lórí ibùsùn. Ohun tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́ mi mọ́, oúnjẹ dà bí ewé gbígbẹ lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọtí díẹ̀ kí n tó lè sùn, díẹ̀ yẹn ò sì dúró ní díẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ohun tó bẹ̀rẹ̀ bíi wàhálà iṣẹ́ ti di ìsoríkọ́, àìsàn tó lórúkọ tó sì ní ìtọ́jú. Kò kọ́kọ́ fún mi ní ìwé ìsinmi, ó kọ́kọ́ ní kí n jókòó kí n sọ tẹnu mi. Mo sunkún níwájú ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì ń rí ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọkàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìgbà tí mo padà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà mẹ́rin, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kàn fò padà sínú gbogbo iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ má gbà.

Ohun tí dókítà náà sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun bá ti ń wà lára yín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má dúró kí iṣẹ́ rọlẹ̀ ná. Bó bá sì jẹ́ pé èrò àtikú tàbí àtiṣe ara yín léṣe ń wá, bó ti wù kó kéré mọ, ó di òní, ó di ìsinsìnyí: ẹ sọ fún ẹnì kan tó wà nítòsí, kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn tàbí kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹ má dá wà lálẹ́ yẹn.

Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá?

Oníṣirò

Rárá, Tíṣà. Kò dé ibẹ̀. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí. Ìyàwó mi gan-an ò tíì bi mí, torí mi ò jẹ́ kó mọ̀. Màá sọ fún un lálẹ́ òní.

MoTiLọ

Kí n sọ tèmi ní ṣókí. Èmi fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, lọ́jọ́ kan, láì ní owó tí màá fi gbọ́ bùkátà oṣù kejì. Másùnmáwo iṣẹ́ lọ, ti owó ilé dé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bó bá máa di lílọ, ẹ wá ibòmíràn nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pé aago mélòó ni wọ́n ń lọ sílé. Wọ́n máa sọ ohun tí ọ̀gá ò ní sọ fún yín.

Jagunlabí

Oníṣirò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Ẹ ò sọ ohunkóhun. Ṣé àlàáfíà ni?

Oníṣirò

Àlàáfíà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí mi.

Mo kọ ìwé náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wákàtí 61 ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 58 ni ìkejì. Èmi tí mò ń ṣírò owó fún gbogbo èèyàn, mi ò ṣírò ara mi rí. Ẹnu ya ọ̀gá mi náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní kó yẹ íméèlì ara ẹ̀ wò. Ó dákẹ́.

Kò tíì gba ẹlòmíràn síṣẹ́ o, ó ní ó di oṣù tó ń bọ̀, mo sì ti mọ bí oṣù tó ń bọ̀ ṣe máa ń rí. Àmọ́ ó gbé iṣẹ́ méjì fún ẹ̀ka mìíràn, ó sì ní kí n dáwọ́ dúró lórí ìròyìn kan tí mo máa ń kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń gba ọjọ́ kan gbáko lọ́wọ́ mi. Ti ọ̀rọ̀ alẹ́, ó gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì gbàgbé. Mi ò dá a lóhùn títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Fóònù ń sùn ní kíṣìnì báyìí. Lálẹ́ Jimọ̀ mo sùn di aago márùn-ún àbọ̀. Mo rí dókítà náà, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù kan, ìyàwó mi ló sì bá mi lọ.

Òǹkàwé

Inú mi dùn. Ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn wá ńkọ́, ta ló ń kọ ọ́ báyìí?

Oníṣirò

Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́. Kò sì sẹ́ni tó tíì béèrè rẹ̀.